Pápá Pẹrẹsẹ

Nígbà òjò, ọkọ̀ akóyanrìn ba koríko tó wà láàárín ilé wa àti ti aládùúgbò wa ní Òkukù jẹ́. Gbágungbàgun ló dà. Bàbá onílé kejì, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, ní àwọn á bá wa sọ ọ́ di pẹrẹsẹ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ara fu mí. Ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò. Kòtò kún iwájú ilé tiwọn fúnra wọn! Ìyá mi ní kí n gbẹ́nu mi dákẹ́.

A lọ sí Ìkìrun; nígbà tí a padà délé, a bá ilẹ̀ tó tẹ́jú bí ẹní. Pèrègún tí bàbá mi gbìn sí ààlà ṣì dúró.

Bàbá tísà yìí rẹ́rìn-ín. “Mi ò fọwọ́ kan ààlà yín o.”

Ta ló bi wọ́n?

Ìyá mi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, èmi ń lọ sá aṣọ sórí okùn tí a so láti fèrèsé wa mọ́ pèrègún náà. Okùn tó máa ń le gbagidi ti dẹ̀, ó ń wọ́ nílẹ̀.

“Ẹ ṣé gan-an, bàbá,” ni mo wí. “Àmọ́ ta ló kọ́ pèrègún wa ní ìrìn?”