Ẹja Onísílípáàsì

Mo rántí ìgbà tí mò ń ṣa sílípáàsì ẹsẹ̀ kan létí òkun ní Àbíjáàn. Ẹsẹ̀ kejì kì í sábà bá a wá. Òkun á pọ̀ wọ́n sórí iyanrìn láàárọ̀, pẹ̀lú ìdérí ìgò, ike ọṣẹ àti àwọ̀n tó ti já, àwa obìnrin àdúgbò á sì máa fi apẹ̀rẹ̀ kó wọn. Ẹja ńlá la fẹ́ fi wọ́n ṣe, tó máa ga ju ilé lọ, kí ojú lè ti gbogbo ẹni tó ń da ìdọ̀tí sómi. Wáyà ni egungun rẹ̀, sílípáàsì ni ìpẹ́ rẹ̀. Èmi ọmọ Èjìgbò, tí n kò rí òkun rí kí n tó bá ọkọ mi débẹ̀, èmi ni mo wá sọ ara mi di ọ̀gá. Nígbà tó ku ìrù, mo gbà pé kò sẹ́lòmíràn tó lè dì í.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi pè mí láti ilé.

"Màámi ti lọ. A ti sin wọ́n lẹ́yìn Àsárì. Tètè máa bọ̀, kí àdúrà ọjọ́ kẹjọ má kọjá lórí rẹ."

"Ẹ kú àrafẹ́rakù," ni mo dá wọn lóhùn, bí ẹni pé ìyá tiwọn nìkan ni.

Àwa Mùsùlùmí kì í jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀ ká tó sin ín, n kò lè bínú pé wọn ò dúró dè mí. Àdúrà ọjọ́ kẹjọ nìkan ló kù tí mo lè bá. Mo fi fóònù sápò, mo mú sílípáàsì tó kàn. Nígbà tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀, ó gbá mi mọ́ra, ó ní "Yako", bí wọ́n ṣe ń báni kẹ́dùn lọ́dọ̀ wọn. Ó ní kí n máa lọ, àwọn á parí ìrù. Mo ní ó ku díẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èmi ń ríran dáadáa, ẹkún ni n kò rí sun.

Ọkọ̀ Èjìgbò gbéra lọ́jọ́ kẹta láìsí mi. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo di ìrù tán, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n yà wá ní fọ́tò. Ọkọ̀ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ kẹfà pẹ́ ní bọ́dà, ọjọ́ kẹsàn-án ni mo délé. Wọ́n ti ká ẹní.

Àbúrò ìyá mi obìnrin bi mí pé, "Kí lò ń ṣe tó ò fi tètè wá?"

"Mò ń so sílípáàsì mọ́ ẹja ni."

Wọ́n wọlé lọ.

Ó ti pẹ́ tí mo ti padà sí Èjìgbò. Mo gbọ́ pé òkun ti wó ẹja náà. Mo máa ń gbá ojú oórì Màámi, n kò sì tíì sunkún. Ará ilé kankan ò bá mi jà rí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń tu ọlọ́fọ̀ nínú, tí wọ́n ń sọ pé ẹni ọmọ sin ló bímọ, bí mo bá ti yọ, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á bi mí bóyá mo ti jẹun.