Eyín Màámi àti Róbà Tó Ń Já Òwú

Eyín kan ṣoṣo ló kù fún màámi níwájú òkè, ó sì ti ń mì. Bẹ́ẹ̀, Sátidé ni ìgbéyàwó àkọ́bí mi obìnrin, màámi sì ti búra pé àwọn àti eyín náà ni yóò jọ ya fọ́tò.

Òwú nìkan ló fẹ́ ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Aṣọ ìbora ni a ń rán fún ìyàwó, àjákù ańkárá tí àwọn télọ̀ Òmù-Àrán ń kó fún wa ni a ń rán pọ̀. Bí màámi bá ti rán àjákù kan mọ́ ìkejì, eyín ni wọ́n fi ń já òwú. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tiwọn náà ṣe é ní Àrándùn. Mo na àlùmọ́gàjí sí wọn títí, ó sú mi.

"Kí n gbé e, kí n sọ ọ́ kalẹ̀, kí n tún máa wá a? Ilẹ̀ á ṣú!"

"Màámi, ẹ ṣàánú eyín yìí."

"Ó ti ń bá mi já òwú kí n tó bí ẹ."

Inú bí mi. Mo gbé sílípáàsì mi tó já, mo gé róbà rẹ̀ róbótó méjì. Mo ki ààbọ̀ réésà sáàárín wọn, mo la etí róbà náà tóóró níbi tí òwú lè wọ̀ tí ìka ò lè wọ̀, mo rán méjèèjì pọ̀ yíká, mo sì so okùn mọ́ ọn kí wọ́n lè máa fi kọ́rùn, kí wọ́n má baà máa wá a. Mo fa òwú kan gba ibẹ̀: fín! Ó já. Mo fa òmíràn: fín! Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó yí bẹ́ẹ̀dì ká, èmi ìyá ìyàwó.

Mo sáré gbé e lọ bá màámi. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn.

"Òwú tí o fi rán an ṣì ń fì létí rẹ̀."

Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo fi eyín já a.

Màámi wò mí. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu wọn, wọ́n yára fi ìka di eyín mú. "Wàláhì, èmi ni mo bí ẹ! Ṣe ìkejì, kí o so ó mọ́ ọrùn ara rẹ."

A so tiwa méjèèjì mọ́rùn, aṣọ sì parí ní Fúráìdè. Nínú fọ́tò Sátidé, eyín náà yọ síta gbangba ju ìyàwó lọ.

Ní Sọ́ńdè, ó bọ́ sínú ọ̀lẹ̀lẹ̀. Màámi gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n wò ó dáadáa.

"Ó gbìyànjú," ni wọ́n wí, wọ́n sì ń bá ọ̀lẹ̀lẹ̀ wọn lọ.