Àwọn Tí Ọwọ́ Wọn Kò Tíì Kan Etí

Òórùn sìmẹ́ńtì tútù ni mo fi ń rántí ọdún tí ilé-ìwé kọ̀ mí. Owó epo rọ̀bì ti wọ ìlú, gbogbo Ìsọlọ̀ ń kọ́lé, ládùúgbò wa ní Ire-Akárí kò sì sí òwúrọ̀ tí èèyàn kì í fa eruku símú. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, bàbá mi, òṣìṣẹ́ ìjọba, fà mí lọ́wọ́ lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi kò ní gbàgbé ìdánwò ìgbà náà: gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí o fi kan etí òsì. Mo na apá títí ọrùn fi ń ro mí, ìka mi kò débẹ̀. Mo ti ń ka Bíbélì Yorùbá nígbà náà, ṣùgbọ́n ta ló bi mí? Ọ̀gá ilé-ìwé ní, "Ẹ mú un padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, sà." Bùnmi, ọmọ ilé kejì sí tiwa, tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, wọlé wẹ́rẹ́. Apá rẹ̀ gùn.

Mo sunkún délé. Tíṣà ni ìyá mi kí ó tó bá bàbá mi wá sí Èkó láti Èkìtì. Nígbà yẹn, ọmọ àwọn aládùúgbò tó ń lọ síbi iṣẹ́ ló ń bá wọn tọ́jú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ó wò mí, ó wo àwọn ọmọ tó jókòó kalẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Ìjókòó lásán ti tán níbí."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, òun àti bàbá mi jókòó láti ṣètò ohun tí àwọn ọmọ yóò máa ṣe. Bàbá mi fẹ́ ABD àti ìṣirò láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ó ní, "Ọmọ tó máa jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú."

Ìyá mi kò gbà. "Bàbá Dúpẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn. Ọmọ tí ò tíì lè fi ìka méjì mú èso ẹ̀wà, báwo ló ṣe máa di pẹ́ńsù mú?"

Bí ètò wa ṣe rí nìyẹn. Kíkí ara ẹni ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀. A ó ṣa ẹ̀wà, a ó da omi láti agolo dé agolo láìjẹ́ kó dànù. Lẹ́yìn oúnjẹ, ọmọ kan yóò sọ ohun tó rí lọ́nà, a ó gbọ́ àlọ́, a ó sùn. Ẹni tó bá wù ló ń kọ lẹ́tà sínú yanrìn.

Inú bí mi gan-an. Èmi tó ń ka Sáàmù, mo ń ṣa ẹ̀wà pẹ̀lú Kúnlé tó ṣì ń wá ọmú! Mo lọ ń so rọ̀ mọ́ ẹ̀ka gúrófà lẹ́yìn ilé, kí apá mi lè gùn. Ìyá mi bá mi níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Sọ̀ kalẹ̀. Àlọ́ tọ̀la, ìwọ lo máa pa á."

Mo pa á. Kúnlé tí kì í sọ̀rọ̀ rárá ló kọ́kọ́ gbe orin rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, mo ń jí ṣáájú ìyá mi.

Nígbà tí ọdún yí po, ọwọ́ mi kan etí. Wọ́n gbà mí sí kíláàsì tí a ti fún pọ̀ bí ìṣáná nínú páálí, tí tíṣà kò mọ orúkọ ẹnì kankan. Mo di ṣòkòtò bàbá mi mú, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dá mi padà sílé.

Lónìí, èmi náà ń tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké ní Èjìgbò, mo sì ń sọ fún àwọn òbí pé kí wọ́n má kánjú. Bí wọ́n bá mú Dúpẹ́ ìgbà náà wá bá mi, n kò ní yí ètò mi padà nítorí rẹ̀. Yóò kórìíra mi fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò sunkún pé kí n má jẹ́ kí wọ́n mú òun lọ.