Eyín Tí Màmá Mi Fi Ń Wo Kòkó

Eyín ni màmá mi fi ń wo kòkó. Bí àgbẹ̀ bá gbé àpò kòkó wá tà fún un níwájú ilé wa ní Òdìgbò, màmá mi á mú hóró kan láti àárín àpò, á fi eyín ẹ̀yìn lápá ọ̀tún fọ́ ọ, á sì tẹ́tí. Bó bá dún kẹ́ẹ́, ó ti gbẹ nìyẹn. Bí kò bá dún, kí olóko gbé e padà lọ sá. Kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn.

Nígbà tí eyín náà lu ihò, tó ń dùn ún, ó yí kòkó sí apá òsì. Ó ní òun ò gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa níbẹ̀. Èmi ń ta ohun mímu tútù ní gáréèjì Ọ̀rẹ̀ nígbà náà, omi bátìrì sì ni oògùn eyín tí gbogbo awakọ̀ mọ̀. Ẹni tó ń ṣe bátìrì bù díẹ̀ fún mi sínú ìgò. Mo we òwú mọ́ ẹyọ ọwọ̀ kan, mo rì í bọ̀ ọ́, mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ sínú ihò eyín náà.

Kó tó di ọjọ́ kẹta, ìrora ti lọ. Orí mi wú. Mo ń ṣàlàyé fún àwọn ará àdúgbò bí ẹni tó gbàwé ẹ̀rí.

Lẹ́yìn bí oṣù méjì, màmá mi jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni tó fi àgbálùmọ̀ sẹ́nu. Ara rẹ̀ gbóná, ẹnu ò là dáadáa, omi pàápàá ń ṣòro gbé mì. Ẹ̀rù bà mí gidi. Mo gbé e sáàárín èmi àti ọlọ́kadà, a forí lé ilé ìwòsàn ní Ọ̀rẹ̀.

Dókítà eléyín, ọmọbìnrin kan tí kò ju mí lọ, wo fọ́tò tí wọ́n ya eyín náà. Ó ní eyín yẹn ò san nígbà tó dákẹ́, ṣe ló kú. Ọyún ti gbá jọ sí ìdí gbòǹgbò rẹ̀, ó ti ń wá ọ̀nà ọrùn, bá a bá sì pẹ́ sí i, ó lè dí i léèémí. Ó ní ó jọ pé omi bátìrì ló jẹ inú ihò náà, ó wá béèrè ẹni tó fi sí i. Ilẹ̀ ni mo ń wò.

Màmá mi rọra la ẹnu díẹ̀ tó lè là. “Èmi ni,” ó wí. “Èmi ni mo fi sí i fúnra mi.”

Dókítà bá a wí bí ọmọdé. Mo dúró níbẹ̀, ojú ń tì mí.

Wọ́n fa ọyún, wọ́n yọ eyín náà àti èyí tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí àgbẹ̀ kan gbé kòkó àkọ́kọ́ dé lẹ́yìn ìyẹn, màmá mi mú hóró kan, ó wò ó, ó nà án sí mi. Mo fi eyín fọ́ ọ. Kò dún, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ náà ní ẹnu ìyá lòun fẹ́ ti gbọ́ ọ, kì í ṣe ẹnu ọmọ.

“Eyín mi nìyẹn,” màmá mi wí. “Ẹ gbé e padà lọ sá.”

Àgbẹ̀ náà gbé àpò rẹ̀ padà sórí ọ̀kadà.