Pákó Tí Wọ́n Là Sílẹ̀ De Lionel

Ní Coombe Averell, bí àrólé bá ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, wọn a gé igi óákù kan nínú igbó ìdílé, káfíńtà a sì là á sí pákó. Pákó yẹn ni wọn yóò fi kan pósí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá kú. Kò sẹ́ni tó ń kà á sí àmì burúkú. Nídìí kùkùté igi náà gan-an ni àwọn àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ ìdílé ti máa ń mu ọtí ápù, tí wọn a sì máa gbàdúrà pé kí àrólé dàgbà darúgbó.

Jabez Luxton ni káfíńtà ìdílé náà. Bàbá bàbá rẹ̀ ṣe é, bàbá rẹ̀ ṣe é, òun náà sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Òun ló la pákó Lionel, ọmọ kan ṣoṣo tí Lọ́ọ̀dù Averell bí. Lọ́jọ́ tí ó kó o sórí àjà ibi iṣẹ́ rẹ̀, Lionel gun àkàbà tẹ̀lé e, ó sì dùbúlẹ̀ gbalaja lórí pákó náà.

"Bàbá Luxton, ṣé ó gbà mí ṣá?"

"Ó gbà yín, sà. Ṣùgbọ́n tí ẹ ò bá dín ẹran jíjẹ kù, a jẹ́ pé a máa gé igi mìíràn nìyẹn."

Lionel rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Jabez fi pẹ́ńsù sàmì síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dé.

Ogun dé. Lionel lọ sí ilẹ̀ Faransé, kò sì padà. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Kò pẹ́ tí ìbànújẹ́ fi pa bàbá rẹ̀ náà. Jabez fi pákó tí wọ́n ti là de Lọ́ọ̀dù náà kan pósí fún un. Ó wá ku pákó Lionel lórí àjà. Lọ́dọọdún, bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, Jabez a gòkè lọ yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má baà tẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè ìdí, ohun tó sọ kò ju pé, "Wọn ò tíì lò ó."

Owó tí ìjọba ń gbà lórí ogún ló mú kí wọ́n ta ilé àti ilẹ̀ náà. Ọ̀gbẹ́ni Gudge, ẹni tí yóò lù wọ́n ní gbàǹjo, ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gbogbo ohun títà. Ó dé orí àjà, ó sàmì sí pákó Lionel, ó sì gbá a lábàrá.

"Ojúlówó nìyí! Àwọn ilé ọtí á du èyí fi ṣe tábìlì."

Kì í ṣe pákó Jabez, Jabez kì í sì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n kí ọ̀mùtí máa da ọtí sórí pákó Lionel? Lójú tirẹ̀, wọ́n fẹ́ tún ọmọ náà pa ni. Ó ṣí fìlà, ó sì gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọ ilé ńlá, èyí tí kò ṣe rí láyé rẹ̀.

"Jabez, ta ló kú?" Lédì Averell, ìyá Lionel, ló béèrè bẹ́ẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó kú, Mà. Pákó Ọ̀gá Lionel ni. Wọ́n fẹ́ tà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tọ́jú ẹ̀ de ẹ̀yin."

Ọkùnrin ìdílé yẹn nìkan ni wọ́n ń fi óákù sin. Igi yẹpẹrẹ ni ti ìyàwó ilé.

"Èmi, nínú óákù? Bàbá ọkọ mi á dìde nínú ibojì!"

"Ẹ jẹ́ ó dìde, Mà. Ibo ló máa sùn? Wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì sí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ìyá náà, ẹ̀rín sì di ẹkún. Nírọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀ gun àkàbà, ó rẹ áńkáṣíìfù sínú omi, ó sì nu ṣọ́ọ̀kì náà kúrò.

Ilé kékeré tó wà lẹ́nu géètì ni Lédì Averell gbé títí ó fi kú. Jabez ti darúgbó nígbà náà, síbẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ayùn. Ibi àmì pẹ́ńsù ẹsẹ̀ Lionel gan-an ló gé pákó náà dé, kò dín in kù.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, Ned Voysey alágbẹ̀dẹ, tó wà lára àwọn tó fẹ́ gbé pósí, wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

"Jabez, ṣé ojú ẹ ti fọ́ ni? Ìyá kúkúrú yìí! Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ á ṣófo."

Jabez fọwọ́ pa etí pákó náà.

"Kò sí ibi tó ṣófo, Ned. Àwọn méjì lẹ fẹ́ gbé. Ẹ rọra."

Ned ṣí fìlà rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e lé èjìká, wọ́n sì rọra ń lọ.