Ọjọ́ Tí Wọ́n Di Àlùmọ́gàjí Velika

Velika aránṣọ kì í jókòó lásán. Bí ẹ bá rí i láìsí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, oorun ló ń sùn. Gbogbo ṣòkòtò tí àwọn darandaran òkè Rodope fi ń la ìgbà òtútù já, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti jáde. Nígbà tí oyún rẹ̀ sì pé oṣù méje, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ṣùgbọ́n láti àná, iṣẹ́ náà ti di ibi ìsápamọ́. Kò mọ ìgbà tí ọlẹ̀ sọ nínú rẹ̀ gbẹ̀yìn. Oyún méjì ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí. Yìnyín dí ọ̀nà ìlú, Radko ọkọ rẹ̀ sì wà níbi iṣẹ́ nísàlẹ̀ òkè. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí ẹnu má baà sọ ọ́ di òótọ́. Ó kàn ń ránṣọ ni. Bí ẹ̀rọ bá ń ké, ẹ̀rù kò ní ráyè sọ̀rọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Trifon mímọ́, tí àjọ̀dún ìkookò ọlọ́jọ́ mẹ́ta máa ń bẹ̀rẹ̀, tí obìnrin kankan kì í gé aṣọ tàbí ránṣọ, Tsona, ìyá ọkọ rẹ̀, wọlé tòun ti òwú pupa. Ó mú àlùmọ́gàjí lórí tábìlì, ó pa ẹnu rẹ̀ dé, ó sì fi òwú wé e yípo. Ẹnu ìkookò ló dì yẹn, torí wọ́n ní ẹni tó bá wọ aṣọ tí wọ́n rán lọ́jọ́ wọ̀nyí, ìkookò á pa á jẹ. Kò gbọdọ̀ là títí ọjọ́ mẹ́ta yóò fi pé.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ kan péré ló kù lára ṣòkòtò Mitko darandaran.”

“Ìkookò á bá a jẹ ẹsẹ̀ tó kù. Dìde níbẹ̀!”

“Ṣé ẹ̀yin náà gba ìyẹn gbọ́?”

“Láti ọjọ́ tí mo ti délé ọkọ, mi ò rí ìkookò kankan. Ṣùgbọ́n ìsinmi tí ọkùnrin ò lè bá mi jiyàn lé lórí, ṣé kí n ní mi ò gbà á gbọ́ ni?”

Velika rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. “Màmá, láti àná ni ọlẹ̀ ò ti sọ.”

Ọwọ́ Tsona dúró lórí òwú. “Dùbúlẹ̀. Fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀.”

Ó tẹ́ awọ àgùntàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó gbé wàrà gbígbóná tòun ti oyin fún un, òun náà sì jókòó. Yìnyín ń bọ́ lóde láìdún. Velika kò rántí ìgbà tí ilé náà dákẹ́ tó báyìí rí. Ìdákẹ́jẹ́ náà kọ́kọ́ bà á lẹ́rù, bí arọ tí wọ́n gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá abẹ́rẹ́ tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tó yá, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọlẹ̀ sọ. Ó kọ́kọ́ rọra yí, bí ẹja lábẹ́ omi. Lẹ́yìn náà ló ta kìjí, tí ife wàrà fi mì lọ́wọ́ Velika.

“Màmá! Ó fẹsẹ̀ gbá mi!”

Tsona gbé ọwọ́ lé ikùn náà, ó mí kanlẹ̀. “Ọlọ́run, o ṣé o! Alágídí, bàbá rẹ̀ ló jọ. Ojoojúmọ́ lo fi ẹ̀rọ yẹn ń mì ín jìgìjìgì títí á fi sùn lọ. Bó bá wá jí, ìwọ gan-an ò gbé jẹ́ẹ́ kó o gbọ́ ọ. Bí ọ̀nà bá ti là, nọ́ọ̀sì á yẹ̀ ọ́ wò.”

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta pé, Tsona wá tú òwú náà. Velika ṣì wà lórí awọ àgùntàn, ó fọwọ́ lé ikùn.

“Ẹ fi sílẹ̀ dọ̀la, Màmá. Ó jọ pé ìkookò kan ṣì ń rìn lẹ́yìnkùlé.”

“Mitko ńkọ́?”

“Kó ṣì máa fẹsẹ̀ kan rìn ná.”