Sàráà fún Ẹni Tí Kò Mọ̀ Wá

Ìbò Amẹ́ríkà máa ń rẹ̀ mí ju ìbò tiwa lọ. Bí a bá dìbò tiwa tán, kò ní pẹ́ tí kálukú á fi padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀. Ẹni tó máa bínú á bínú, ẹni tó máa jẹ níbẹ̀ á jẹ. Ṣùgbọ́n ti Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fa ẹni méjì kalẹ̀ ni etí kì í ti í sinmi mọ́ ní agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn bàbá á gbé bẹ́ńṣì síta, wọ́n á máa dárúkọ ìpínlẹ̀ Pensilféníà bí ìgbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ Ẹ̀búté Mẹ́ta, wọ́n á ní ẹni tó bá ti mú ibẹ̀ ti mú gbogbo ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́jọ́ tí a dìbò tiwa, púpọ̀ nínú wọn ò dìde lórí bẹ́ńṣì kan náà. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n.

Níbi iṣẹ́ ńkọ́? Akọ̀wé ni mí lọ́fíìsì lọ́yà kan ní Igbóṣere, nítòsí kọ́ọ̀tù. Lọ́yà tó yẹ kó máa múra ẹjọ́ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa ṣàlàyé fún wa bí ẹni tí èèyàn dìbò fún jù ṣe lè fìdí rẹmi lọ́hùn-ún. Mo ti gbọ́ àlàyé yẹn títí ó fi sú mi. Bí mo bá wá délé, àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ olórí agboolé wa báyìí, á ní kí n tún un sọ fún òun, torí pé èmi ni mò ń bá àwọn lọ́yà jókòó. Màá sọ ọ́ tán, á mi orí, á ní, “Àwọn yẹn náà mọ màgòmágó,” inú ẹ̀ á sì dùn gan-an.

Kì í ṣe pé mi ò mọ ohun tó fi kàn wá. Ilé wo ló wà ládùúgbò wa tí kò ní ọmọ lọ́hùn-ún? Tiwa ni àbúrò mi obìnrin. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Ó lọ bí ẹni tó fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́, kò sì padà. Ó bí ọmọ méjì síbẹ̀, ọkọ tó bí wọn fún ti bá tiẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń tọ́jú arúgbó oníarúgbó, ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń fún wọn lóúnjẹ. Pépà tó máa fi gbé ibẹ̀ kò tíì bọ́ sí i lọ́wọ́ títí di òní. Bó bá kúrò níbẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kó wọ̀ ọ́ mọ́. Bí kò bá sì kúrò, kò ní rí ìyá wa.

Ìyá wa ti dàgbà. Aṣọ ló ń tà ní Balógun kí orúnkún tó dá a dúró sílé. Báyìí, láti orí bẹ́ẹ̀dì sí orí àga tó kọjú sí àgbàlá, èmi ni mò ń gbé e. Lọ́jọ́ Sunday, màá gbé fóònù sí i níwájú, yóò rí ọmọ ẹ̀, yóò rí àwọn ọmọ-ọmọ tí kò fọwọ́ kàn rí. Àwọn yẹn á máa fi imú sọ Òyìnbó, ìyá mi á máa dá wọn lóhùn pé “yẹ́ẹ̀sì, yẹ́ẹ̀sì,” títí wọ́n á fi sá lọ ṣeré. Bí ìbò bá ń bọ̀ lọ́hùn-ún, ohun tí àbúrò mi máa ń sọ fún un kò yí padà: “Màmá, ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó máa wọlé ná.” Ìyá mi á wò ó. Ẹni tó bá wọlé á ṣe tiẹ̀, á lọ, òmíràn á dé. Láàárín ìyẹn, ojú tí ìyá mi fi ń wò ó ti ń ṣú.

Nínú ìbò tí mò ń sọ yìí, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kò fi ọ̀rọ̀ bò rárá. Ó ní bí òun bá débẹ̀, gbogbo ẹni tí kò ní pépà ni òun máa kó padà sí ìlú tí wọ́n ti wá. Òun gan-an ni àwọn bàbá orí bẹ́ńṣì fẹ́ràn. Wọ́n ní ọkùnrin ni, kò bẹ̀rù ẹnì kankan, ohun tó wà nínú ẹ̀ ló wà lẹ́nu ẹ̀. Mo bi àbúrò bàbá mi pé ṣé ó mọ̀ pé ọmọ inú ilé yìí wà lára àwọn tí ọkùnrin yẹn fẹ́ kó?

“Ìyẹn ò kàn án,” ni ó wí. “Àwọn tó ń da ìlú rú ló ń bá wí. Ọmọ tiwa ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ jẹ́jẹ́.”

Mo fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé bí ó bá ti sọ báyìí, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣíwájú ìbò, ìyá mi pè mí, ó ní òun fẹ́ ṣe sàráà. Mo ní kò burú. Nílé wa, kò sí ohun tí a kì í ṣe sàráà fún: ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò, aboyún tó ti wọ oṣù ẹ̀, ẹni tó ń du ipò kánsẹ́lọ̀. A ó dín àkàrà àti mósà, a ó pe àfáà, àwọn ọmọdé á pé jọ, wọ́n á ṣe àmín, wọ́n á jẹun, wọ́n á túká. Mo rò pé ẹnì kejì, tí kò halẹ̀ mọ́ ọmọ ẹ̀, ló fẹ́ kí a ṣe é fún. Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun alásárì lọ́jọ́ náà, àfáà wa jókòó sórí ẹní, ó ní kí wọ́n dárúkọ ẹni tí àdúà náà wà fún. Ìyá mi dárúkọ ẹni tó ní òun máa kó wọn.

“Màmá, ìyẹn kọ́,” ni mo wí.

“Òun ni,” ni ó wí.

Àfáà ò bá wa dá sí i. “Orúkọ ìyá ẹ̀ ńkọ́?” ló bèèrè.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Wọn kì í ṣe àdúà fún ènìyàn láìdárúkọ ìyá ẹ̀, kí àdúà má baà ṣìnà lọ bá ẹlòmíràn tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà. Gbogbo wọn wá ń wò mí, torí pé èmi ni fóònù wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo wá orúkọ ìyá ọkùnrin náà, mo rí i, mo kà á fún wọn. Àfáà fi í sẹ́nu, kò lọ. Ó tún un gbìyànjú, kò lọ. Ó ní Ọlọ́run tó dá obìnrin náà mọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Àwọn ọmọdé ṣe àmín fún ọkùnrin tí kò mọ̀ pé Ìsàlẹ̀ Èkó wà láyé, wọ́n sì jẹ mósà. Mi ò fẹnu kan nǹkan kan. Inú bí mi sí àwọn bàbá orí bẹ́ńṣì, mo gbà pé àwọn ló kó ọ̀rọ̀ sí ìyá arúgbó lórí. Mo sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ kejì, mo ṣàlàyé ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́ àti ohun tó ń wí. Ó ní, “Mo ti gbọ́,” ó sì ní kí n bá òun bu omi.

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni èsì dé, mò ń múra iṣẹ́ lọ́wọ́. Ọkùnrin náà ló wọlé. Àwọn bàbá ń bọ ara wọn lọ́wọ́ níta bí ẹni pé wọ́n máa fi wọ́n ṣe mínísítà. Àbúrò bàbá mi ní àkàrà ilé wa ti débẹ̀. Mo gba òpópónà Adéníjì Adélé lọ síbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu àwọn oníṣòwò ibẹ̀, ẹni tó ń pàtẹ ọjà ń bi ẹni tó ń ra ọjà léèrè èrò ọkàn ẹ̀. Ó rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nígbà tí mo délé, mo jókòó ti ìyá mi. Mo ní, “Màmá, ṣé ẹ mọ ohun tí ọkùnrin yẹn ní òun máa fi irú ọmọ yín ṣe?”

“Mo mọ̀. Ó ní òun máa dá wọn padà sílé.”

“Kí ló wá dé tí ẹ fi gbàdúà fún un?”

Ó wò mí bí ìgbà tí mo wà ní kékeré, tí mo bá bèèrè ohun tí kò yẹ kí n bèèrè. “Ilé tí wọ́n ń wí yẹn, ṣé ọ̀run ni? Ṣé ibí kọ́ ni? Gbogbo àwọn tó ti jẹ ẹ́ lọ́hùn-ún, wọ́n ní pépà ń bọ̀. Ọmọ mi ò rí pépà, èmi ò rí ọmọ. Èyí nìkan ló la ẹnu ẹ̀ pé òun máa dá ọmọ mi padà fún mi. Ta lo wá fẹ́ kí n gbàdúà fún?”

Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ àríyànjiyàn ní Igbóṣere, kò sí lọ́yà tó pa mí lẹ́nu mọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Inú ń bí mi sí i, àánú ẹ̀ sì ń ṣe mí. Ká má purọ́, ara mi kan ń fẹ́ kí àdúà náà gbà. Èmi nìkan ni mò ń gbé e sùn, tí mò ń gbé e dìde, ó sì ti ń rẹ̀ mí.

Nígbà tó di Sunday, àbúrò mi pè. Inú mọ́tò ló jókòó sí, níta ibi iṣẹ́ ẹ̀. Ojú ẹ̀ ti wú.

“Bọ̀dá mi, mi ò sùn o. Ẹ fún mi ní Màmá.” Mo gbé fóònù sún mọ́ ìyá wa. “Màmá, wọ́n ní wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í kó wa. Ọmọ mi dé láti school, ó ń bi mí pé ‘Mummy, ṣé wọ́n máa mú ẹ?’ Màmá, ẹ bá mi gbàdúà. Ẹ bá mi pe àfáà, ẹ ṣe sàráà, kí wọ́n má dá mi padà.”

Ìyá mi wò mí, mo wo ara ògiri.

“Àwọn ọmọ yẹn,” ni ó wí, “ṣé wọn ò ní kó wọn mọ́ ọ ni?”

“Rárá, Màmá. Ọmọ ibí ni wọ́n. Èmi nìkan ni wọ́n máa mú.”

“Ta ló máa wá wà lọ́dọ̀ wọn?”

“Kò sẹ́nì kankan.”

Mo rí i lójú ìyá mi pé kò rò ó débẹ̀. Lójú tiẹ̀, bí wọ́n bá lé obìnrin kúrò níbì kan, á gbé ọmọ kan pọ̀n, á fa èkejì lọ́wọ́, gbogbo wọn á jọ wọlé. Kò sí bí wọ́n ṣe ń dá abiyamọ padà sílé ìyá ẹ̀ nílùú wa tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé wọ́n lè mú ìyá kí wọ́n sì fi ọmọ sílẹ̀. Èmi tí mò ń ṣàlàyé kiri náà ò sọ ọ́.

Ó tẹ́ ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì. Ó dárúkọ ọmọ ẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i mú, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já a gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹ̀. Ó ní kó dúró síbẹ̀. Ó ní kó gbó síbẹ̀, kó tọ́ síbẹ̀. Mi ò gbọ́ kí ìyá kan ṣe irú àdúà bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tó wà lẹ́yìn odi rí. Àbúrò mi ń sunkún, ó ń ṣe àmín, àmín, kò dákẹ́. Èmi náà ṣe é.

Nígbà tí fóònù ti kú, ìyá mi ní kí n gbé òun padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé e, mo fa aṣọ bò ó. Mo ti ń yí padà kí n máa lọ nígbà tó pè mí.

“Bí ọjọ́ mi bá pé,” ni ó wí, “ẹ má sọ fún un títí ẹ ó fi sin mí tán. Kó má lọ di pé ó fẹ́ wá.”